Wọ́n ní ká wó yàrá òrìṣà, wọ́n ní ká má fọwọ́ kan ilẹ̀ àgbàlá: kí ló fà á?

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ Ìlàrè ni mí ní Ilé-Ifẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìbàdàn ni mò ń gbé. Àwa ọmọ-ọmọ pinnu láti tún agbo ilé bàbá wa àgbà kọ́. Ilé alámọ̀ ni, páànù orí rẹ̀ ti dógùn-ún, ògiri ẹ̀yìn sì ti ń wó lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a gbé pílánù lọ bá àwọn àgbà, ohun tí wọ́n sọ yà wá lẹ́nu. Wọ́n gbà pé ká wó yàrá tí òrìṣà ìdílé wà. Wọ́n ní ká fún àwọn láyè díẹ̀, wọ́n gbé ohun tó wà níbẹ̀ lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí kan, wọ́n ní ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ní a fẹ́ da sìmẹ́ńtì sí gbogbo àgbàlá, ká sì sún ẹnu ọ̀nà sí apá kejì kí ṣọ́ọ̀bù lè gba ibẹ̀, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n nawọ́ sí ojú kan láàárín àgbàlá àti ojú kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀ lásán ni mo rí níbẹ̀, adìẹ ló ń jẹ̀ lórí rẹ̀.

Mo ti wo fíìmù kan nípa ilé àwọn ará Bali, ní Indonéṣíà. Lọ́dọ̀ tiwọn, igun kan pàtó ni ti àwọn ẹni òkè, igun mìíràn ni ti ìdáná. Ìyẹn yé mi. Tiwa ni kò yé mi. Níbo gan-an ni ibi mímọ́ wà nínú agbo ilé Yorùbá? Ẹ má bínú tí ìbéèrè mi bá dà bíi ti ọmọdé.

Ọmọ Ìlàrè

ÌDÁHÙN

Kò jọ ti ọmọdé rárá. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ẹ sì ti béèrè kí bíríkìlà tó dé, èyí tí ọ̀pọ̀ ìdílé kì í rántí ṣe. Inú mi dùn sí i.

Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ yín sọ kó lè dá mi lójú pé mo gbọ́ ọ yé. Lójú yín, yàrá tí òrìṣà wà ló yẹ kó jẹ́ ibi ọ̀wọ̀ jù lọ nínú ilé, àgbàlá sì ni ibi tí tẹrú-tọmọ ń tẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Àwọn àgbà yín wá yọ̀ǹda yàrá, wọ́n di ilẹ̀ mú. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ wọn tako ara rẹ̀.

Kò tako ara rẹ̀. Ohun tó wà nínú yàrá ṣeé gbé. Ohun tó wà nínú ilẹ̀ kò ṣeé gbé. Ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú, a kì í ṣí i nípò bí ẹni ń ṣí àga. Nínú agbo ilé tiwa, ojú ilẹ̀ kan náà ni ti ara àti ti ẹ̀mí jọ ń lò. Ohun tí à ń ṣe níbẹ̀, àti ìgbà tí à ń ṣe é, ló ń yà á sọ́tọ̀. Bí ẹ bá ń wá igun kan tí a kọ orúkọ ọ̀run sí, ẹ ó wá a tì.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó ti yé yín bẹ̀rẹ̀. Ní Bali, ilé ìdílé kan jẹ́ ọgbà tí a mọ odi yí ká, tí àwọn ilé kéékèèké dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀. Òkè àti òkun ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà. Apá òkè ni wọ́n ń pè ní kaja, apá òkun ni kelod, Òkè Agung sì ni wọ́n bọ̀wọ̀ fún jù. Igun tó kọjú sí òkè àti sí ìlà oòrùn ni ojúbọ ìdílé ń wà; ilé ìdáná wà ní apá òkun, nísàlẹ̀. Ẹni tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé yóò kọ́kọ́ bá ògiri kúkúrú kan pàdé, tí wọ́n mọ síbẹ̀ kí ẹ̀mí búburú má bàa rí ọ̀nà tààrà wọlé. Nítorí pé àárín erékùṣù làwọn òkè ńlá tò sí, àríwá ni kaja ẹni tó ń gbé ní apá gúúsù, gúúsù sì ni kaja ẹni tó ń gbé ní apá àríwá. Òkè ló ń sọ fún ilé ibi tí orí rẹ̀ wà.

Òkè pọ̀ yí Ilé-Ifẹ̀ ká, a sì bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n a kì í fi wọ́n díwọ̀n ibi tí àdìrò yóò wà. Ìlú ni ilé wa ń wò. Ààfin wà láàárín, Ẹnuwá wà níwájú rẹ̀, òpópónà sì ya láti ibẹ̀ lọ sí àdúgbò gbogbo, Ìlàrè, Ìlódè, Ìrẹ̀mọ, Mọ̀ọ̀rẹ̀. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan kọjú sí ọ̀nà tó so ó pọ̀ mọ́ ìlú. Tí a bá sì ti wọ inú ilé, bí èèyàn ṣe wọlé jìnnà tó ni a fi ń mọ ibi tó dé.

Ẹ bá mi wọ irú agbo ilé bẹ́ẹ̀. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1921, ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa: ilé tó so kọ́ra yí àgbàlá ńlá kan ká, ẹbí ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń gbé e, ẹnu ọ̀nà kan náà sì ni gbogbo wọn ń gbà wọlé.

Ẹnu ọ̀nà yẹn ni àjèjì ti ń di àlejò. Nítòsí rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé yangí Èṣù sí, òkúta pupa tí wọ́n ń da epo sí lórí, nítorí Èṣù ló ń ṣọ́ gbogbo ibi tí nǹkan ti ń kọjá láti ojú kan bọ́ sí òmíràn: oríta, ọjà, ẹnu ilé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bu omi sí ìyàwó lẹ́sẹ̀ kó tó wọ ilé ọkọ. Ẹ ronú sí èyí díẹ̀. Ó lè ti pẹ́ tí yangí ti kúrò ní ẹnu ọ̀nà yín, kó má sì sí ẹni tó ń da epo mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyàwó ilé, Kristẹni àti Mùsùlùmí, ibi tí wọ́n dúró sí lọ́jọ́ tí wọ́n wẹ ẹsẹ̀ wọn. Mo rò pé ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni wọn yóò sọ. Iṣẹ́ tí ibẹ̀ ń ṣe kò tíì dópin, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà kò fi lè jẹ́ kó di ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù.

Tí ẹ bá kọjá ẹnu ọ̀nà, ẹ ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òpó ló gbé òrùlé rẹ̀ dúró, ó sì yí àgbàlá ká. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hun aṣọ, ti ń ta ayò, ti ń parí ìjà tọkọtaya. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn yàrá wà, wọ́n ṣókùnkùn, wọ́n sì tutù. Ohun tí kò kan gbogbo ayé ló ń gbé ibẹ̀: ibùsùn, aṣọ, owó, ilé orí tí a fi owó ẹyọ bò, àti òrìṣà tí ẹni tó ni yàrá tàbí ìdílé rẹ̀ ń bọ. Ìjìnlẹ̀ inú ilé ni a fi ń dáàbò bò wọ́n. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ọwọ́ lè gbé ni gbogbo wọn. Bí ẹni tó ni wọ́n bá kó kúrò, wọ́n lè bá a lọ, bí òrìṣà yín ṣe bá mọ̀lẹ́bí yín lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e tán, yàrá náà di yàrá. Ìdí rèé tí ọkàn àwọn àgbà fi balẹ̀ láti wó o.

Àgbàlá ló wá kù, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an.

Nínú ilé tí a ń pè ní àkòdì, òrùlé apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló dagun sínú. Tí òjò bá dé, omi á máa ṣàn láti igun gbogbo wá sí ojú ilẹ̀ kékeré tó wà láàárín. Àwọn obìnrin á to ìkòkò sí abẹ́ etí òrùlé kí omi lè kún un. Èyí tó bá kù á gba ojú àgbàrá tí a là sínú ilẹ̀ jáde lábẹ́ ògiri. Kò sí ibòmíràn nínú ilé tí ọ̀run ti ń kan ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gún iyán, ti ń sá èlùbọ́, tí ewúrẹ́ ti ń jẹ èèpo iṣu. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ń bu omi sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ.

Ilé-Ifẹ̀ ní ẹ̀rí tó pẹ́ gan-an lórí èyí, abẹ́ ẹsẹ̀ yín ló sì wà. Ẹ óò ti gbọ́ nípa ilẹ̀ tí a fi àfọ́kù ìkòkò tẹ́, èyí tí ìtàn sọ pé Ọọ̀ni Lúwòó, obìnrin, ló pàṣẹ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i nítòsí, ẹ ó rí i pé wọn kò tẹ́ àfọ́kù náà bẹẹrẹ. Wọ́n nà á ró ni, etí rẹ̀ ló yọ sókè, wọ́n wá há a mọ́ra wọn títí ó fi le koko. Níbì kan wọ́n ṣe é ní ìlà tó ń pàdé ara wọn bí eegun ẹja. Níbòmíràn wọ́n to òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín rẹ̀. Láti bí ọdún 900 sí 600 sẹ́yìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Peter Garlake, awalẹ̀pìtàn tó wa ilẹ̀ Ọbàlárá ní Ilé-Ifẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, gbà pé àgbàlá inú ilé ni ọ̀pọ̀ ibi tí a tẹ́ báyìí, tí òrùlé yí ká, tí òjò ń rọ̀ sí. Láàárín àwọn kan nínú wọn, wọ́n rí ìkòkò tàbí ọrùn ìkòkò tí a rì mọ́lẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba. Ohun tí a bá dà sí ẹnu ìkòkò bẹ́ẹ̀, inú ilẹ̀ ló ń lọ tààrà. Wọ́n tún rí ìkòkò kan ní ilẹ̀ Ọbàlárá tí amọ̀kòkò mọ àwòrán ojúbọ sí ara rẹ̀: orí mẹ́ta lábẹ́ òrùlé, pẹ̀lú ejò.

Ẹnu ìkòkò inú ilẹ̀ yẹn ló wù mí kí ẹ dúró tì díẹ̀. Ẹni tó rì í kò gbé e pa mọ́ sí kọ̀rọ̀. Ojú ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ló fi í sí, tí ọmọdé ń sáré kọjá lórí rẹ̀, tí òjò ń fọ̀. Ní ọjọ́ lásán, àgbàlá ni. Ní ọjọ́ tí a bá kúnlẹ̀ tì í, ojúbọ ni. Bí àwọn àgbà yín ṣe nawọ́ sí àárín àgbàlá tí adìẹ ń jẹ̀, ohun tí wọ́n ń fi hàn yín lè má jìnnà sí èyí, ìbáà ṣe pé kò sí ìkòkò kankan níbẹ̀.

Ti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Àwọn nìkan ló lè sọ ọ́ fún yín, ṣùgbọ́n mo fura pé ẹnì kan ló sùn síbẹ̀. Láyé àtijọ́, inú ilé ni a ti ń sin àgbà tó kú ikú ọ̀wọ̀: nínú yàrá rẹ̀, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, tàbí ní àgbàlá. Ẹni tí ikú rẹ̀ bá burú ni wọ́n ń gbé lọ sínú igbó. Baba ń sùn sí abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn lé lórí, wọ́n á sì máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà nílé. Ilẹ̀ agbo ilé kan náà ni wọ́n ń sin ibi ọmọ sí lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Tí ẹ bá rò pé àṣà náà ti kú, ẹ wo iwájú ilé káàkiri ìlú wa: sàréè ìyá àti bàbá tí a fi táìsì bò, ti Kristẹni, ti Mùsùlùmí, kò jìnnà sí ibi tí a ń páàkì ọkọ̀. Wọ́n kàn gbé e láti inú ilé bọ́ sí iwájú ilé ni.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ọmọ Ilé-Ifẹ̀ rántí. Ogun tú ìlú wa ká ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láti 1882 títí di 1894, àwọn ènìyàn Ifẹ̀ kò sí nílé. Ilé alámọ̀ tí kò ní òrùlé kì í fara da òjò ọdún méjìlá. Yàrá tí ẹ fẹ́ wó yẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ẹ̀yìn ìpadàbọ̀ yẹn ni wọ́n mọ ọ́n. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè ti jẹ́ ti ìdílé yín ṣáájú ìyẹn. Àwọn àgbà yín mọ èyí tó pẹ́ jù nínú méjèèjì.

Bí ẹ bá tún ń ṣiyèméjì pé òrìṣà ṣeé gbé tí ilẹ̀ kò sì ṣeé gbé, ẹ wo Bàhíà ní Bràsíìlì. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ kò lè di sàréè baba wọn mọ́ ẹrù. Ìmọ̀ òrìṣà ni wọ́n gbé lọ, nínú orí àti lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n rí ibi tẹ̀dó, wọ́n dá ọgbà sílẹ̀ tó jọ agbo ilé, ilé òrìṣà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ti Èṣù nítòsí ẹnu ọ̀nà, ti àwọn òkú ní ìpamọ́. Kí ọgbà náà tó lè jẹ́ ilé, wọ́n ní láti ri àwọn nǹkan mọ́ ilẹ̀ rẹ̀. Gbígbin àṣẹ ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Ilé Àṣẹ Ìyá Nasò Ọkà ní Salvador, tí wọ́n tún ń pè ní Casa Branca, wà lára àwọn tó lókìkí jù, ìjọba Bràsíìlì sì kà á mọ́ ogún orílẹ̀-èdè wọn ní 1984. Ẹni tó bá pàdánù ilẹ̀ ló máa ń mọ bí iṣẹ́ àtigbin òmíràn ṣe tó.

Ẹ jẹ́ kí n yára dáhùn àwọn ohun kéékèèké tó lè tún wà lọ́kàn yín.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni fún onígbàgbọ́ láti fi ojú ilẹ̀ yẹn sílẹ̀? Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ bọ ohunkóhun. Ẹ óò kàn yẹra fún ibi tí baba yín sùn sí ni, bí ẹ ṣe ń ṣe ní itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́? Ẹ kọ́ ọ. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ni kó dúró sí, kó má ṣe dí i. Àwọn oníṣòwò ti ń pàtẹ sí iwájú agbo ilé tipẹ́tipẹ́, kò tíì bí ẹnikẹ́ni nínú.

Ìdáná àti ilé ìwẹ̀? Ẹ̀yìnkùlé ló bá wọn mu, nítorí èéfín àti omi ìdọ̀tí. Kò sí èèwọ̀ àríwá tàbí gúúsù fún yín níbẹ̀.

Tí àwọn òṣìṣẹ́ bá wá gbẹ́ ìpìlẹ̀ tí wọ́n sì kan àfọ́kù tó tò lẹ́sẹẹsẹ, tàbí amọ̀ tí a mọ bí ojú èèyàn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá ọkọ́ dúró. Mo fi gbogbo ọkàn mi sọ èyí. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin, ni ọkọ́ wọn kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń pariwo lónìí. Ní 1957, àwọn tó ń tẹ́jú ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ló rí àwọn ère idẹ ti Ìta Yemòó. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní Ẹnuwá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin. Ẹ ránṣẹ́ sí wọn. Òfin tó dá àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní 1979 ní kí ẹni tó bá rí irú ohun bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ fi tó wọn létí.

Ní ti sìmẹ́ńtì, ẹ lè rí ọ̀nà tí yóò tẹ́ ẹ̀yin àti àwọn àgbà lọ́rùn. Ẹ tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì síbi tí ọkọ̀ àti ẹsẹ̀ ń gbà, ẹ fi àárín àgbàlá sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀. Yóò tún máa fa omi òjò mu, gọ́tà yín kò sì ní kún àkúnya. Kí wọ́n tó da iyanrìn sílẹ̀, ẹ gbé pílánù lọ bá ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, ẹ jẹ́ kó dúró lórí ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀, kó fi ẹsẹ̀ sàmì sí ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sùn sí àti ibi tí omi ń gbà jáde láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹ kọ orúkọ wọn sórí pílánù gan-an, kí ayàwòrán-ilé tún un yà, kí òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tuntun má bàa já lé ẹnikẹ́ni lórí.